Ẹni Tó Béèrè Ọ̀nà Kì Í Ṣìnà: Èdè Tí A Fi Ń Gun Òkè Ìdànrè

Ọmọ Òkìtìpupa ni mí. Bí ẹ bá tú orúkọ ìlú wa wò, òkìtì tí ó pupa ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ òkè. Igbó, oko ọ̀pẹ, odò Olúwa àti ọ̀nà omi tí ó lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ ni a mọ̀. Nígbà tí mo sọ fún àwọn akẹgbẹ́ mi pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń júwe ọ̀nà lórí òkè Ìdànrè ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, wọ́n bi mí pé kí ni ọmọ Ìkálẹ̀ mọ̀ nípa òkè. Mo ní ohun tí n kò mọ̀ náà ni mo fẹ́ lọ béèrè.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè gbọ́dọ̀ gbọ́ èsì náà yé. Lórí àpáta, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè yà yín sí ibi tí ẹ kò ti ní lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní ẹ̀ka wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde.

Irú òkè wo ni Ìdànrè?

Ìdànrè wà ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Àkúrẹ́, kò sì jìnnà sí i. Òkúta líle kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn òkè náà. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta yìí ti dì, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òjò àti oòrùn jẹ ilẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀gbàrá gbé e lọ, ohun tí ó le jù sì dá dúró. Àwọn tí ó ga jù níbẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn 914 mítà. Àwọn àfonífojì ló wà láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé ibòmíràn. Ní Switzerland, nítòsí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Kandersteg, adágún omi kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oeschinensee. Ó ga tó 1,578 mítà, àwọn òkè ńláńlá sì yí i ká. Yìnyín ló gbẹ́ irú àfonífojì bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi ṣíbí gbẹ́ ẹ̀kọ. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ tẹ́, ẹ̀gbẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Bí ẹ bá ṣe ń gòkè ni ó ń le sí i.

Òdìkejì rẹ̀ ni Ìdànrè. Ìgbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni àwọn òkè rẹ̀ jọ. Ẹsẹ̀ òkè ni ó le jù. Bí ẹ bá ṣe ń gòkè ni ó ń tẹ́. Èyí dùn mọ́ ẹni tí ó ń gòkè, nítorí ara ń fúyẹ́ bí ó ti ń lọ. Wàhálà wà nínú sísọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ibi tí kì í ṣe ọ̀nà ń sọ̀ ní ìrọ̀rùn ní ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ń dà sí i lábẹ́ ẹsẹ̀, kò sì ní rí ìsàlẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí ẹsẹ̀ kò ti ní múlẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn amọ̀nà fi máa ń sọ pé ọ̀nà tí a gbà gòkè ni kí a gbà sọ̀.

Àtẹ̀gùn, àti ibi tí àtẹ̀gùn parí sí

Ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tí ó wà nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣe sí i, iye tí wọ́n sì máa ń sọ jù ni 667. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà gan-an dùn ún tú: ohun tí a tẹ̀ kí a lè gùn ni àtẹ̀gùn. Ẹni tí ara rẹ̀ yá lè gun èyí láìsí ìṣòro ńlá bí ó bá mú omi dání, tí kò sì sáré.

Lókè ni ìlú àtijọ́ wà. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ààfin Ọwá ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, àti ilé agogo. Ẹsẹ̀ Agbóògùn tún wà lára àpáta, èyí tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu. Òkè Orósùn náà wà níbẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀.

Láti ìlú àtijọ́ lọ sí iwájú, àtẹ̀gùn ti tán. Ojú ẹsẹ̀ ni ó kù, àti ẹnu amọ̀nà. Ibí yìí ni ìyàtọ̀ ńlá wà. Ní Switzerland, àmì tí wọ́n kùn sára òkúta ló ń sọ irú ọ̀nà tí ẹ wà. Àwọ̀ yẹ́lò wà fún ọ̀nà tí ọmọdé lè rìn; funfun-pupa-funfun wà fún ọ̀nà òkè; funfun-búlúù-funfun wà fún ibi tí ẹ ó ti máa fi ọwọ́ di òkúta mú. Ẹgbẹ́ àwọn agunkè níbẹ̀ tún pín ọ̀nà sí ìpele mẹ́fà, láti T1 dé T6. Àlejò tí kò gbọ́ èdè wọn rárá lè tẹ̀ lé àwọ̀. Ní Ìdànrè, ọ̀rọ̀ ni àmì wa. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sọnù, ọ̀nà náà sọnù.

Ọ̀rọ̀ tí ó ń gbé ni gòkè

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀-ìṣe. Gùn àti pọ́n ni a fi ń sọ pé ènìyàn ń lọ sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìmọ̀ ìró-èdè mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí gùn máa ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: a ó ní mo gùn ún, ṣùgbọ́n mo gun òkè. Pọ́n kì í yí padà, nítorí ohùn òkè ni ó ní. Nínú ohun tí mo gbọ́, ìtumọ̀ wọn kò rí bákan náà lẹ́nu àwọn àgbà. Ibi tí ẹsẹ̀ nìkan tó ni wọ́n máa ń lo gùn fún. Bí wọ́n bá ní ẹ ó pọ́n ibì kan, ẹ múra láti lo ọwọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń ṣe iṣẹ́ tí àwọ̀ búlúù ń ṣe ní Switzerland, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì kò ní gbọ́ ìkìlọ̀ náà.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ara. A ní ẹsẹ̀ òkè, orí òkè, ìdí àpáta, ojú àpáta, ẹ̀yìn òkè. Ẹsẹ̀ àti orí kò ní wàhálà, nítorí wọn kì í kúrò ní ààyè wọn. Ẹ̀yìn ni ó ń yí. Fún ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ lónìí, ẹ̀yìn òkè ni apá tí kò rí. Fún ẹni tí ìran rẹ̀ gbé ní ìlú àtijọ́, iwájú òkè lè jẹ́ apá tí ó kọjú sí ààfin, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè jẹ́ apá tí ó kọjú sí wa nísàlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní kí ẹ gba ẹ̀yìn, ẹ bi í pé: ẹ̀yìn tìbo? Bákan náà ni ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì máa ń pààrọ̀ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta ni òkè fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ àpáta tí ó dúró. Ó lè jẹ́ apá ibi tí ó ga. Lẹ́nu àwa ará ìsàlẹ̀, ará òkè tún ni gbogbo ẹni tí kì í ṣe ará etí omi. “Ó wà lókè” nìkan kò tó láti fi wá ènìyàn.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Láti ìgbà tí Abíọ́dún Adétùgbọ̀ ti pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí agbègbè ní 1967 ni àwọn onímọ̀ ti ń to Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú sí gúúsù-ìlà-oòrùn. Ọ̀kan nínú àmì agbègbè yìí ni pé “ẹ” àti “wọ́n” kò ní ìyàtọ̀ bí ti Ọ̀yọ́. “Àn án wá” lè jẹ́ ẹ wá, ó sì lè jẹ́ wọ́n wá. Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe lórí òkè: ṣé ẹ̀yin ni ẹ máa gba ibẹ̀, àbí àwọn kan ni wọ́n ń gba ibẹ̀? Àwa tí a sọ irú èdè yìí láti kékeré ń fi ojú àti ọwọ́ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò ní mọ̀.

Ojú omi

Bàbá àgbẹ̀ kan ló kọ́ mi ní èyí tí mo rò pé ó wúlò jù. Ó na ọwọ́ sí ìlà dúdú gígùn tí ó wà lára àpáta, ó ní, “Ọmọ mi, ojú omi nìyẹn. Má tẹ̀ ẹ́.” Ibi tí omi òjò máa ń gbà ṣàn ni ìlà dúdú náà, ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ó fẹ́ràn omi ló hù síbẹ̀ tí ó sì sọ ọ́ di dúdú. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ó le bí òkúta yòókù. Bí òjò bá kàn án báyìí, ó ń yọ̀ bí ilá. Ẹni tí ó mọ orúkọ náà ti mọ ewu náà, nítorí orúkọ ni ó sọ fún un pé omi ló ni ọ̀nà yẹn.

Ohun tí ó wà nílẹ̀

Ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará Ìdànrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tí wọ́n dàgbà lókè, tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń lọ oko gba ojú ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn lójoojúmọ́, ti lọ. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ni orúkọ náà wà lẹ́nu wọn, àwọn náà sì ti ń darúgbó. Ní 2007, orúkọ òkè Ìdànrè wọ ìwé ìdúródè UNESCO fún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi Oeschinensee kún ibi àjogúnbá tí ó wà ní òkè Alps. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó pàápàá dá ayẹyẹ agunkè tí wọ́n ń pè ní Mare sílẹ̀ ní Ìdànrè. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n a lè tún àtẹ̀gùn ṣe bí ó bá fọ́. Kò sí ẹni tí ó lè tún orúkọ ojú ẹsẹ̀ ṣe bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbẹ̀yìn bá kú láìsọ ọ́.

Iṣẹ́ yìí kò ju agbára wa lọ. Fóònù tí ó wà lápò wa lè gba ohùn sílẹ̀, ó sì lè sọ ibi tí a dúró sí. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ gba ohùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ ní èdè Ìdànrè, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ó ti pè é. Ẹ má ṣe tún un ṣe sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gba irú ohùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí fún iṣẹ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka.

Kí ẹ tó gòkè, ẹ bi amọ̀nà yín ní ìbéèrè mẹ́rin: Ṣé a ó gùn ún ni àbí a ó pọ́n ọn? Ẹ̀yìn tìbo? Níbo ni ojú omi wà? Ṣé ibí náà ni a ó gbà sọ̀? Bí òjò bá ṣú kí ó tó dá yín lóhùn tán, ẹ sún un di ọjọ́ mìíràn.