Angélique Kidjo tún orin Celia Cruz kọ

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, wọ́n pe obìnrin kan, ọmọ bíbí ìlú Ouidah, pé kí ó wá gba ẹ̀bùn Grammy. Angélique Kidjo ni orúkọ rẹ̀. Ìgbà kẹrin tí ó gba ẹ̀bùn ńlá yìí nìyẹn. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ara rẹ̀ níbẹ̀. Burna Boy, ọ̀dọ́mọkùnrin olórin Nàìjíríà tí wọ́n jọ du ẹ̀bùn náà, ni ó fi í yẹ́ sí.

Àwo orin tí ó fún un ní ẹ̀bùn yìí ń jẹ́ Celia. Orin mẹ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ó jẹ́ tuntun. Orin Celia Cruz, ọmọ Kúbà tí ó kú ní ọdún 2003, ni gbogbo wọn.

Ìlú Havana ni wọ́n bí Celia Cruz sí ní ọdún 1925. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó di olùkọ́, ṣùgbọ́n orin ni ó gbà á lọ́wọ́ bàbá. Ní ọdún 1950, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ Sonora Matancera. Lẹ́yìn tí Fidel Castro gba ìjọba, ẹgbẹ́ náà lọ kọrin ní Mẹ́síkò ní ọdún 1960, Celia kò sì padà mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1962, ìjọba Kúbà kò jẹ́ kí ó wọlé wá sin ín. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ìsìnkú òbí jẹ́ láàrin wa yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Amẹ́ríkà ni ó ti di ọbabìnrin orin salsa.

Bí ó bá ń kọrin, ó máa ń pariwo pé “Azúcar!”, èyí tí í ṣe ṣúgà ní èdè Sípéènì. Ọ̀rọ̀ dídùn ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú oko ìrèké Kúbà ni àwọn ẹrú ti jìyà láti ṣe ṣúgà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, àwọn tí ará Kúbà ń pè ní Lukumí. Àwọn tí ó wá láti ilẹ̀ Dahomey ni wọ́n ń pè ní Arará. Èbúté Ouidah gan-an ni ọ̀pọ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ wo orúkọ díẹ̀ nínú orin tí Kidjo yàn: Yemaya, Elegua, Oya Diosa. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà pàápàá yóò dá Yemọja, Ẹlẹ́gbára àti Ọya mọ̀ níbẹ̀. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni Celia Cruz, síbẹ̀ orin òrìṣà wà lára orin tí ó gbọ́ dàgbà.

Ọdún 1960 ni wọ́n bí Kidjo. Ìyá rẹ̀ ni ó ń darí ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé, ọmọ ọdún mẹ́fà sì ni Angélique nígbà tí ó kọ́kọ́ kọrin níbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní ẹgbẹ́ olórin tiwọn; nípasẹ̀ wọn ni ó fi mọ Jimi Hendrix, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí ó ń ta gìtá nínú orin rọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn náà, Celia Cruz wá kọrin ní Kútọnu. Ẹnu ya ọmọbìnrin náà, nítorí ohùn ọkùnrin nìkan ni ó ti ń gbọ́ nínú salsa títí di ọjọ́ yẹn.

Ní ọdún 1983 ó kúrò nílé lọ sí Paris, nítorí ìjọba ìgbà náà ń fẹ́ kí àwọn olórin máa yin òun. Ó kọ́ orin jáàsì níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwo rẹ̀ ti ń jáde: Ayé ní 1994, Oremi ní 1998, Oyaya ní 2004. Onkàwé Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún orúkọ wọ̀nyí, bí wọn kò tilẹ̀ fi àmì ohùn sí wọn. Inú Oremi ni ó ti tún orin Hendrix kan kọ.

Ní Paris kan náà ni ó ti gbọ́ orin Talking Heads, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì New York, níbi àríyá kan. Ó ní orin Áfíríkà ni èyí. Wọ́n ní rárá, rọ́ọ̀kì ni. Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé orin Fela wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà ń gbọ́ kí wọ́n tó ṣe àwo Remain in Light ní 1980. Ní ọdún 2018, Kidjo tún gbogbo àwo náà kọ.

Ọ̀nà kan náà ni ó gbà pẹ̀lú Celia ní ọdún 2019. Kò sín ohùn olóògbé jẹ. Ó fẹ́ kí Áfíríkà tí ó wà nínú orin náà hàn síta. Ó pe ẹgbẹ́ afunfèrè Gangbé Brass Band láti Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín. Ó sì pe Tony Allen, ọmọ Èkó, onílù Fela nígbà kan rí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí àwo náà gba ẹ̀bùn, Tony Allen kú ní Paris.