Ìyára-agbára àti Iye-agbára: Ọ̀rọ̀ Méjì fún Ọkọ̀ Oníná

Ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà, ‘ṣáàjì’ ni a ń pe fífi iná sínú fóònù. Bí ọkọ̀ oníná bá dé Ìbàràpá, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ó lò. Ní 2021, ibùdó tí a ti ń fi iná oòrùn sínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, Sókótó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lórí òrùlé ara rẹ̀ yóò rí i pé ohun méjì ni a ń fi ‘agbára’ pè.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀ṣọ̀rọ̀ òjò. Bí omi ṣe ń yára wọ inú àmù yàtọ̀ sí iye omi tí ó wà nínú àmù. Mo dábàá ‘ìyára-agbára’ fún ti àkọ́kọ́, tí a ń fi kílówáàtì wọ̀n, àti ‘iye-agbára’ fún èkejì, tí a ń fi kílówáàtì-wákàtí wọ̀n. N kò mú ‘ìṣàn-iná’, nítorí ohun tí a ń fi áńpíà wọ̀n ni ó yẹ.

Bí sólà bá ń mú kílówáàtì 3 wá fún wákàtí 4, kílówáàtì-wákàtí 12 péré ni yóò kó jọ. Bátìrì ọkọ̀ tí ó ń gba 40 kò ní í kún lójúmọ́ kan. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí yóò náwó tán kí ó tó mọ̀ pé sólà òun kò tó.