Bàbá Onípáàtì Papò Dà

Bàbá Onípáàtì wa ní Igbaruku, tí wọ́n ń ta páàtì katakata, ti papò dà.

Ṣọ́ọ̀bù kan péré ni wọ́n ní, páálí kún un dé òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bó ṣe máa ń rí tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀: gbogbo àgbẹ̀ ló fẹ́ túlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, katakata ò sì tó nǹkan. Bí bẹ́àríǹgì kan bá fọ́, tó di pé ká lọ wá a dé Ìlọrin, tàbí Araromi ní Géètì n'Íbàdàn, ọjọ́ méjì mẹ́ta ti lọ nìyẹn. Òjò ò sì ní dúró deni.

Massey Ferguson ni bàbá mọ̀ jù, pàápàá 135 tó jáde ní 1964, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta. Wọ́n mọ Steyr tí wọ́n ń tò ní Bauchi nígbà kan náà. Ẹ gbé páàtì tó ti jẹ dà tán dé, wọ́n á fi ìka tọ́ inú rẹ̀ wò, wọ́n á ní, "Ti 135 kọ́ nìyí o, ti 165 ni."

Nígbà tí ìjọba gbé ètò SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, páàtì òkè òkun di ọ̀wọ́n gógó. Ayédèrú wá rí ọ̀nà wọlé. Àwọn kan á kun tòkunbọ̀ lọ́dà, wọ́n á fi sínú páálí tuntun. Bàbá ò jẹ́ ṣe é. Kóòtù ìjọba gan-an gbà kí oníṣẹ̀ṣe fi irin búra, ẹni tó wá ń ta irin lójoojúmọ́ ńkọ́? Àdá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ní kí wọ́n bá òun pe tòkunbọ̀ ní tuntun, wọ́n á kàn nawọ́ sí àdá náà.

Bí wọ́n bá ń bọ Ògún, àwọn mẹkáníìkì onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí náà máa ń wá jẹ iṣu sísun, wọ́n á láwọn ò dé ìdí ojúbọ. A ò bá wọn jà.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ báyìí le díẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin lóun á máa bá òwò náà lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó ta páàtì, kó pa ojúbọ Ògún tì. Èmi ò mọ béèyàn ṣe ń jogún irin kó lé Ògún síta, ṣùgbọ́n ìpàdé ìdílé ni yóò yanjú ẹ̀.

Ìwé àwìn ńkọ́? Ìgbà òjò làgbẹ̀ ń gba páàtì, ìgbà ìkórè ni wọ́n ń san án. Ojú ìwé mìíràn ò ní iye, orúkọ àti àmì tí bàbá nìkan mọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun jẹ wọ́n, kó wá fúnra rẹ̀. Ìyá wà nílé, àdá ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó tún ku páálí mẹ́ta tẹ́nikẹ́ni ò mọ katakata tó ni páàtì inú wọn. Ẹ̀yin mẹkáníìkì àgbà tẹ́ ẹ bá ń kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà bá wa wò ó.