Mọ́tò Panápaná Gbómi Wá, Kí Ló Dé Tí Omi Fi Tán?

Ohùn tí mo fi sílẹ̀ lánàá gùn, àwọn kan ní network ò jẹ́ káwọn gbọ́ ọ délẹ̀, ìdí nìyẹn tí akọ̀wé wa fi ní ká kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà ni. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló lọ ní òpin àdúgbò wa níbí, ti oní-fóòmù, ti aláṣọ, àti méjì tó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí mọ́tò panápaná dé, gbogbo wa hó yèè. Kò pé ogún ìṣẹ́jú, omi tán, wọ́n yí mọ́tò padà. Ariwo ta pé òfìfo ni wọ́n gbé wá. Èmi náà pariwo, n ò ní purọ́. Àwọn ọmọ kan tiẹ̀ ti ń wá òkúta, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àgbà tó dá wọn dúró. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ bá ọ̀kan nínú wọn, ó ní kí n jókòó. Ohun tó sọ fún mi, pẹ̀lú èyí tí mo wá kà kún un, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì ṣírò ẹ. Mọ́tò yẹn gbé 10,000 lítà. Kẹ́ẹ̀gì mai ruwa tó ń gba 25 lítà, 400 ni yẹn. Ó pọ̀ lójú, àbí? Ṣùgbọ́n rọ́bà ńlá kan tí wọ́n fi ń paná lè tú 500 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ogún kẹ́ẹ̀gì nìyẹn kẹ́ ẹ tó yí ojú padà! Rọ́bà kan, ogún ìṣẹ́jú lomi máa tán. Rọ́bà méjì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Méjì ni wọ́n nà lọ́jọ́ náà. Òfìfo kọ́ ni wọ́n gbé wá.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni ti Amẹ́ríkà. Ní àwọn àdúgbò ẹ̀yìn ìlú wọn, mọ́tò tí àwọn panápaná sábà máa ń yàn kì í gbé ju 500 sí 750 gálọ̀nù lọ. 500 gálọ̀nù wọn kò pé 1,900 lítà, kò ju kẹ́ẹ̀gì 76 lọ. Tiwa gbé ìlọ́po márùn-ún ẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹnu omi onírin wà lẹ́bàá títì wọn, tó so mọ́ páìpù omi ìlú. Omi inú mọ́tò, ti ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ lásán ni, kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan ń so rọ́bà mọ́ ẹnu omi yẹn. Nítorí náà, àyè tí táńkì ńlá ìbá gbà, rọ́bà gígùn àti àkàbà ni wọ́n kó sí i, wọ́n wá fi pọ́ǹpù alágbára sí i, èyí tó lè ti 1,500 gálọ̀nù ní ìṣẹ́jú kan.

Níbi tí páìpù ò dé lọ́hùn-ún, wọ́n ń lo ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n máa ń tẹ́ nǹkan kan sílẹ̀ bí agbada ńlá, bíi tapólì tó ní férémù, tó ṣeé ká. Mọ́tò kan á dúró tì í, á máa fa omi nínú ẹ̀. Àwọn tó gbé omi á dà á síbẹ̀, wọ́n á lọ bù sí i, wọ́n á tún padà, bí ẹni ń pọnmi sínú àmù. Wọn kì í sì í dúró kí ti àkọ́kọ́ tán kí wọ́n tó pe èkejì. Àwọn ìlú tó múlé gbera ti jọ ṣàdéhùn, ìpè kan, mọ́tò bíi mélòó kan á gbéra.

Tiwa níbí, páìpù ò dé ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn ló mú kó bọ́gbọ́n mu láti ra mọ́tò olómi púpọ̀. N ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Wàhálà ẹ̀ ni pé 10,000 lítà omi, tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ni, ká má tíì ka irin ọkọ̀ mọ́ ọn. Ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Òfin tí ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà ń lò ní kí ọ̀nà mọ́tò panápaná fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Ẹnu ọjà wa ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ Napep tí wọ́n páàkì síbẹ̀ àti tábìlì tó yọ sójú ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́jọ́ yẹn kí wọ́n tó ráyè kọjá. Tábìlì èmi náà wà níbẹ̀.

Ìyá wa kan béèrè pé borehole mẹ́ta ló wà ládùúgbò, kí ló dé tí wọn ò fà níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, mà. Pọ́ǹpù mọ́tò ò lè fa omi tó bá jìn sísàlẹ̀ ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ, borehole sì jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ti inú táńkì tó wà lókè ńkọ́? Ẹnu ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń pọn kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ṣe sí i. Ẹ wo bí kẹ́ẹ̀gì kan ṣe ń pẹ́ kó tó kún níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi 400 sọ ọ́ di púpọ̀. Tí ilẹ̀ á fi mọ́, mọ́tò ò tíì kún. Táńkì tó ní ẹnu páìpù fífẹ̀ nísàlẹ̀ ló wúlò fún wọn, tàbí kòtò omi oníkọnkéré tó ṣí lókè, tàbí odò tí mọ́tò lè dé ẹ̀bá ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Sabon Gari ní Kano ní oṣù kẹta ọdún 2016, ẹ ò nílò kí n dẹ́rù bà yín. Ṣọ́ọ̀bù tó jóná lé ní 3,000.

Mo ti gbé tábìlì mi wọlé láàárọ̀ yìí. Tá a bá ṣèpàdé lọ́jọ́ Sunday, mo máa mú téèpù wá, ká wọn ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Ẹni tó bá mọ ibi omi tí mọ́tò lè dé, kó fi ohùn ránṣẹ́. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ká má rí i o, 112 ni kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ sì pe nọ́ńbà panápaná tó sún mọ́ yín. Ẹ sọ ohun tó ń jó, ọ̀nà tó gba mọ́tò, àti ibi tí omi wà, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀ kí mọ́tò kejì máa bọ̀. Ó dàárọ̀ o.