Kí Ẹ Tó Ra "Brain Box"

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí mọ́tò yín ń ná Ìdógùn sí Ọ̀wọ̀, Brain box ni ọpọlọ mọ́tò: òun ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì. Bí mọ́tò kò bá stáàtì, ẹ má tíì wá yá owó rà á. Fíúsì tàbí wáyà tó dípẹtà lè fà á. Kí réwáyà kọ́kọ́ yẹ ìwọ̀nyí wò.

Bó bá jẹ́ òun ló kú lóòótọ́, kí nọ́ńbà ara tòkunbọ̀ tí ẹ fẹ́ rà bá ti àtijọ́ mu. Ẹ tú orí bátìrì kí ẹ tó yọ ọ́. Mọ́tò tó bá ń dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ̀, àfi kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà mú kí ọpọlọ tuntun náà dá a mọ̀. Mọ́tò lè dúró o, gbèsè kì í dúró.