Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgbẹ́ Kì í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí Nìkan

Bí ẹnikẹ́ni nínú àwa Ànàgó Tokoin Wuiti bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, orúkọ kan ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí àwọn àgbà lẹ́nu: jẹ̀díjẹ̀dí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àgbo ti dé. Bí àgbo kò bá ràn án, Flagyl ni, nítorí a ti gbà pé ìgbẹ́ ọ̀rìn ni. Ara á rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á tún padà, ọdún á sì máa gorí ọdún.

Àrùn kan wà tí ó máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ méjèèjì yìí. Rectocolite hémorragique ni àwọn dókítà wa ń pè é. Àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ ara ni wọ́n yíjú padà bá ara jà: awọ inú ìfun ńlá á wú, á pọ́n, á di egbò. Ìdí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gòkè. Kì í ràn, ata kọ́ ló ń fà á, ọwọ́ ayé kọ́ sì ni. Ẹni tó ń ṣe á máa sáré lọ sí ilé ìgbẹ́ tọ̀sán-tòru. Nínú àgbàlá tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń lo ilé ìgbẹ́ kan, ìtìjú a máa ju ìrora lọ. Mo rò pé òun ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn dákẹ́.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ló yẹ kó ṣáájú, kí a lè mọ̀ bóyá amíbà ni. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, nítorí corticoïde tí ń pẹ̀tù sí ìfun tó wú lè sọ amíbà di apani. Lẹ́yìn náà ni dókítà yóò fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rírọ̀ tó ní iná wo inú ìfun, yóò sì bu díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Àwọn onímọ̀ ìfun àti ẹ̀dọ̀ wà ní CHU Campus níhìn-ín ní Lomé.

Oògùn kì í lé àrùn yìí lọ pátápátá. Ó ń mú un sùn ni. Mésalazine tàbí sulfasalazine ni a sábà máa ń lò, lójoojúmọ́, àní nígbà tí ara bá le. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ẹ̀jẹ̀ dá, wọ́n dá oògùn dúró. Ibuprofène àti diclofénac tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà lè jí i. Àgbo tí ń ṣu ènìyàn yóò sì fa omi ara tán. Nígbà tó bá ń jà, ẹ̀kọ, ìrẹsì àti ẹja rọrùn fún ìfun. Bí ibà bá dé, tí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ sì tó 6 lóòjọ́, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà.

Bí ó bá pé ọdún 8 tí àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ padà lọ yẹ ìfun wò, nítorí jẹjẹrẹ lè gba ibẹ̀ wọlé, bí ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ wá mọ́.