Kèké Mú Ibi Tí A Ó Lọ: Ẹ̀kọ́ Òǹkà Ipò láti Gáréèjì Ìkòròdú

Ní Gáréèjì Ìkòròdú, kò sí ẹni tí í wọ ọkọ̀ láìmọ ibi tí ó ń lọ. Bí agbèrò bá ké Ṣágámù, èrò Ṣágámù ni yóò wọlé. Bí ó bá ké Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Kétu, olúkúlùkù mọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìrìn kan wà ní ayé òde òní tí a kì í fi orúkọ ìlú rìn. Òǹkà méjì péré ni arìnrìn-àjò ń mú lọ́wọ́, kì í sì í ṣe òun ni ó yàn wọ́n. Kèké ni ó mú wọn fún un. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wá ojú ilẹ̀ tí òǹkà méjèèjì ń tọ́ka sí, kí ó dé ibẹ̀, kí ó sì padà wá ròyìn ohun tí ó rí.

Nínú ìwé àjọ̀dún yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé ìrìn náà fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa. Ìdí méjì ni a fi rò pé ó yẹ. Èkínní, ó ń kọ́ ọmọ láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dán ohun tí ó kà nínú ìwé wò. Èkejì, ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ wúlò fún gbogbo ẹni tí yóò ra ilẹ̀ ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Òǹkà méjì tí ń sọ ipò

Àwọn onímọ̀ ti fi ìlà pín ilẹ̀ ayé, bí ẹni pín oko sí ebè. Ìlà ìbú ń sọ bí ibì kan ti jìnnà tó sí agbedeméjì ayé, ní àríwá tàbí ní gúúsù. Ìlà òòró ń sọ bí ó ti jìnnà tó, ní ìlà-oòrùn tàbí ní ìwọ̀-oòrùn, sí ìlà tí ó gba Greenwich kọjá lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wáyé ní Washington ní ọdún 1884 ni ó fi ẹnu kò sí ìlà Greenwich yìí. Ìlà kan náà ni ó gba Tema kọjá ní orílẹ̀-èdè Gánà.

Ìkòròdú wà ní nǹkan bí dígírì 6.6 ní àríwá àti 3.5 ní ìlà-oòrùn. Ẹ̀pẹ́ wà ní nǹkan bí 6.6 ní àríwá, ṣùgbọ́n ìlà òòró tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 4. Nítorí náà, ẹni tí ó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ kọjú sí ìlà-oòrùn gan-an ni. Bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, yóò tó nǹkan bí kìlómítà 52. Bí ayé ti ń yí, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oòrùn fi ń kọjá dígírì kan, èyí ni pé ọ̀sán ń pọ́n ní Ẹ̀pẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ṣáájú Ìkòròdú.

Dígírì kan gùn tó nǹkan bí kìlómítà 111. Òǹkà kìíní lẹ́yìn pọ́ìǹtì dúró fún kìlómítà 11. Èkejì dúró fún kìlómítà kan ó lé díẹ̀. Ẹ̀kẹta dúró fún nǹkan bí mítà 110, èyí tí ó fi díẹ̀ ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ̀kẹrin dúró fún mítà 11. Ọmọ tí ó bá ti mọ èyí yóò mọ̀ pé àṣìṣe òǹkà kan ṣoṣo lè gbé ènìyàn láti ìlú kan dé ìlú mìíràn.

Ibi tí àṣà yìí ti wá

Ní ọdún 1996, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Alex Jarrett bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan: kí àwọn ènìyàn máa wá gbogbo ibi tí ìlà ìbú àti ìlà òòró tí kò ní pọ́ìǹtì ti pàdé, kí wọ́n ya àwòrán ibẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀. Ní agbègbè tiwa, ìpàdé ìlà 7 àti 3 wà ní òkè Ìlaròó. Ti 7 àti 4 wà ní àríwá Ìjẹ̀bú-Òde. Ti 6 àti 3, àti ti 6 àti 4, wà nínú òkun.

Ní àkókò náà, ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ni àwọn sátẹ́láìtì GPS mọ̀ọ́mọ̀ ń da ìṣirò wọn rú díẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ológun, débi pé ó lè fi nǹkan bí mítà 100 ṣìnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni wọ́n dá èyí dúró. Láti ìgbà náà ni ohun èlò kékeré ti lè mú ènìyàn dé ìwọ̀n mítà díẹ̀ sí ibi tí ó ń wá.

Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún ọdún 2008, Randall Munroe, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ tí ó kọ́ ìmọ̀ físíìsì, gbé ọ̀nà mìíràn jáde tí a ń pè ní geohashing. Ó mú déètì ọjọ́ àti iye tí ọjà ìpín Dow Jones fi ṣí ní New York, ó sì kó wọn sínú ìṣirò kọ̀ǹpútà kan tí ń lọ̀ wọ́n pọ̀ bí ẹni lọ ata. Ohun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde ni òǹkà tí a ó tò sí ẹ̀yìn pọ́ìǹtì. Ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ọ́n ṣáájú, ẹnikẹ́ni kò sì lè yí i padà. Ìgun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí ó jẹ́ dígírì kan ní ìbú àti dígírì kan ní òòró ní ojúkò tirẹ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn òbí kan lè béèrè bóyá eléyìí kò jọ àyẹ̀wò. Rárá o. A kò bi òǹkà léèrè ọ̀la, a kò sì retí àmì kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Kèké kì í ṣe àjèjì nínú Bíbélì: àwọn atukọ̀ ṣẹ́ ẹ nínú ọkọ̀ Jónà, àwọn Àpọ́sítélì sì ṣẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n ń yan Màtíà. Níhìn-ín, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a fi ń rán an, pé kí ó mú ojúsàájú tiwa kúrò. Bí a bá ní kí ènìyàn fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò lọ, etíkun, ọjà ńlá àti ààfin ni yóò máa yàn. Kèké kò mọ ibi tí ó lókìkí. Ó lè mú wa lọ sí oko ẹ̀gẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì ya àwòrán rẹ̀ rí, kí a sì rí i pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ní orúkọ tí ó ń pe ilẹ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe lè ṣe é ní Ìkòròdú

Kò di dandan kí a lo ọjà New York. Ẹ kọ òǹkà 0 títí dé 9 sí ara ìwé pélébé mẹ́wàá, kí ẹ kó wọn sínú fìlà, kí ọmọ kan sì máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti mú ọ̀kan, kí ó dá a padà kí ó tó tún mú òmíràn.

Bí a bá lo gbogbo ìgun mẹ́rin tí Ìkòròdú wà nínú rẹ̀, láti 6 dé 7 ní àríwá àti láti 3 dé 4 ní ìlà-oòrùn, wàhálà kan yóò yọ. Etí òkun wa wà ní nǹkan bí 6.4. Bí òǹkà kìíní tí ọmọ mú fún ìlà ìbú bá jẹ́ 0, 1, 2 tàbí 3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé inú Òkun Àtìláńtíìkì ni kèké gbé wa sí. Nítorí náà, ó dára kí a dín ìgun náà kù. Kí a kọ 6.6 àti 3.5 sílẹ̀ bí èyí tí a kò ní yí padà, kí a wá mú òǹkà méjì sí i fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi 10,000 ni kèké yóò máa yàn nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí yóò jìnnà púpọ̀ sí gáréèjì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ mú 4 àti 7, ó tún mú 8 àti 2. Ibi tí a ń lọ di 6.647 àti 3.582. Gáréèjì wà ní nǹkan bí 6.62 àti 3.51. Ọmọ tí ó bá lè yọ òǹkà kúrò nínú òǹkà yóò rí i pé ibẹ̀ fi kìlómítà 3 wà ní àríwá gáréèjì, ó sì fi kìlómítà 8 wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Òǹkà ti sọ ibi tí ó wà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀nà tí a ó gbà. Kò sí agbèrò tí yóò ké 6.647. Ọmọ gbọ́dọ̀ rò ó pé ọkọ̀ tí ń gba Ìtamága lọ sí Ìmọ̀tà, Agbówá àti Ẹ̀pẹ́ ni ó kọjú sí ìhà ibẹ̀, kì í ṣe ti Ṣágámù. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò sọ̀ kalẹ̀, ìgbà tí yóò wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, àti ìgbà tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn.

Mítà 100 tí ó gbẹ̀yìn ni ó sábà máa ń le jù. Ibẹ̀ ni odi, àbàtà, oko olóko tàbí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn máa ń wà. Lábẹ́ igi ńlá àti láàárín ilé gíga, fóònù pẹ̀lú a máa ṣìnà díẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Kí a kí onílẹ̀, kí a sọ ohun tí a wá ṣe, kí a sì tọrọ àyè. Bí ó bá kọ̀, kí a dúpẹ́, kí a padà. Kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ku mítà báyìí, pé ohun báyìí ni ó dá òun dúró. Ìròyìn òtítọ́ bẹ́ẹ̀ níye lórí ju àbọ̀ irọ́ ẹni tí ó ní òun débẹ̀ lọ.

Ṣé kí ènìyàn dá a rìn?

Ní ilẹ̀ òkèèrè, púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe ìrìn yìí ni ó ń dá a rìn. Ẹni tí ó dá rìn kò ní ẹni tí yóò ronú fún un. Òun ni yóò béèrè ọ̀nà, òun ni yóò sì pinnu ìgbà tí ó yẹ kí ó padà. A mọ iyì èyí. Ṣùgbọ́n a kò lè gbàgbé pé ní ọdún 2016 àti 2017, àwọn ajínigbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìkòròdú àti ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì kó ọmọ lọ. Ìbẹ̀rù òbí kì í ṣe ojo. Àwọn àgbà pẹ̀lú ti kìlọ̀ pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń ṣekú pa wọ́n.

Èrò tiwa ni pé kí ọmọ dá ìpinnu ṣe, kí ó má ṣe dá rìn. Kí ọmọ kan di òǹkà mú, kí ó sì máa ṣáájú. Kí olùkọ́ àti ẹlẹgbẹ́ mẹ́ta máa tẹ̀ lé e láìtọ́ ọ sọ́nà, àyàfi bí ewu bá yọjú. Kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ń lọ àti àkókò ìpadàbọ̀ sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ àti fún òbí. Kí wọ́n má ṣe sún mọ́ etí ọ̀sà àti igbó dídí, kí wọ́n sì ti padà kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ó ti dàgbà lè dá rìn bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan nílé mọ òǹkà tí ó mú lọ.

Ohun tí ó kan àpò òbí

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ rí mọ ìwé sọ́fè. Àwọn òǹkà gígùn tí ń bẹ ní igun rẹ̀ jẹ́ ìbátan òǹkà tí a ti ń sọ bọ̀, àmọ́ mítà ni àwọn awọnlẹ̀ fi ń kọ ọ́ dípò dígírì. Nínú ètò tí wọ́n ń lò fún ìhà tiwa, òǹkà ìlà-oòrùn ti àárín Ìkòròdú jẹ́ nǹkan bí 556,000, ti Ẹ̀pẹ́ sì jẹ́ nǹkan bí 608,000. Bí ẹnì kan bá ń ta ilẹ̀ Ìkòròdú fún yín, tí òǹkà ìwé rẹ̀ sì sún mọ́ ti Ẹ̀pẹ́, ẹ ti mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi í.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fóònù nìkan dájọ́ ilẹ̀. Ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè wa dúró lé, èyí tí a ń pè ní Minna, yàtọ̀ sí ti GPS, ìyàtọ̀ náà sì ju mítà 100 lọ. Púlọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò ju nǹkan bí mítà 18 ní ìbú lọ. Nítorí náà, àṣìṣe mítà 100 lè gbé yín kọjá púlọ́ọ̀tì márùn-ún. Awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ mú lọ sórí ilẹ̀, kí ó sì bá yín yẹ òǹkà náà wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláùsá, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ni. Kí ẹ ṣe èyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìdí rèé tí a fi ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ẹ jẹ́ awọnlẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ tàbí olùkọ́ jọ́gíráfì pé kí ẹ ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ ní táàmù kọ̀ọ̀kan fún àwọn àbúrò yín. Fìlà kan, ìwé pélébé mẹ́wàá, fóònù kan àti owó ọkọ̀ ni gbogbo ohun tí ó ń béèrè. Ọmọ tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ wá òǹkà kan rí kò ní gba ìwé gbọ́ lásán nígbà tí ó bá dàgbà. Yóò ní kí wọ́n mú òun dé orí ilẹ̀.